Ẹ Kú Àbọ̀, Alájì

Bí àsárì bá ti ń sún mọ́lé, ọkọ mi á dìde lórí àga rẹ̀, á wọ yàrá, á di báàgì. Mi ò kì í dá a dúró mọ́. Ohun tó máa ń kó sínú báàgì yẹn, ẹ bá mi gbọ́: jàlàbíyà kan, tẹ̀sùbáà, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, àti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Á jáde sí pálọ̀, á ti dé fìlà, á ní, "Ìyàwó, dìde, jẹ́ ká máa lọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

"Níbo, Alájì?"

"Nílé ńkọ́. Ibo tún ni?"

Inú ilé ló sì dúró sí tó ń sọ bẹ́ẹ̀, nínú fúláàtì tí kańsù, ìjọba àdúgbò, fún wa ní Peckham nílùú òyìnbó níbí nígbà tí wọ́n wó èyí tí à ń gbé tẹ́lẹ̀ ní North Peckham. Ọmọ wa obìnrin dàgbà nínú fúláàtì yìí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kan ibi tí à ń gbé kóòtù kọ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀ báyìí, ilé onílé ni, a sì ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ onílé.

Kí n tó lọ jìnnà: bí mo bá ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é, ilé ire ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni mo máa lò. "Wọ́n" tó máa pọ̀ níbí, àwọn kańsù àti ìjọba ló ni ín, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọkọ mi mọ́ wọn.

Ilé tó ń wí yẹn kì í ṣe àlá. Ó wà ní Ìwó, lẹ́bàá ọ̀nà tó wá láti Ìbàdàn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókè kan. Àwa méjèèjì la kọ́ ọ. Òun ń fọ básì ní gáréèjì, èmi ń nu ilẹ̀ ní ọsibítù, a sì ń fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá tó sì ti gbé ìlú yìí rí mọ bó ṣe máa ń rí. Tí òtútù bá ń gbọ̀n ọ́ nídìí ibùdókọ̀ ní ìdájí, ilé yẹn lò ń rò. O ò ní í ra kóòtù tuntun, sìmẹ́ńtì lo máa rà. Tí súpáfáísọ̀ bá sì bú ọ, o máa sọ nínú ara rẹ pé ìwọ yìí, o ò mọ̀ pé ọ̀gá ni mí níbì kan.

Òun ló máa ń gba ìsinmi lọ bójú tó ilé náà, nítorí bí àwa méjèèjì bá lọ, ta ló máa jókòó ti ọmọ, ta ló máa pa owó ilé? Tó bá ti débẹ̀, á pè mí. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù ìgbà yẹn, tí èèyàn á sọ̀rọ̀, táá dúró díẹ̀ kí ẹnì kejì tó gbọ́. "Ìyàwó, wọ́n ti kan òrùlé o! Atẹ́gùn ibí yìí, o ò lè gbà gbọ́. Ìgbà wo lò ń bọ̀ nílé?" Èmi á ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ọdún tó ń bọ̀ á dé, ọmọ á máa ṣe ìdánwò. Òmíràn á dé, ṣíìfù ò ní í jẹ́. Ọdún tí mo wá ráyè lọ, fèrèsé ò tíì sí lára ilé, ilé àbúrò rẹ̀ la sùn sí. Láti ìgbà náà, fọ́tò ni mò ń wò. Èmi tí mo fi orókún mi kọ́lé, mi ò tíì sùn nínú ilé náà rí. Ẹ gbọ́ nǹkan!

Ẹ tún wá wo ọgbọ́n wa. Ilé tí a fẹ́ fi ọjọ́ ogbó gbé, òkè la gbé yàrá wa sí. Àbí èwo nínú wa tó wà níbí ni kò ṣe bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa la kọ́ ilé arúgbó fún ẹsẹ̀ ọ̀dọ́, kí ará ìlú lè máa rí wa ní bálíkónì. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn báyìí, orókún mi máa ń dún ju èmi gan-an lọ. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu tipẹ́: ìsàlẹ̀ ni a ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí, kí àlejò máa gun òkè.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ará Jàmáíkà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ ń nù ní ọsibítù, òun láti apá ọ̀tún, èmi láti apá òsì. Tí a bá pàdé láàárín, a ó fi ọ̀pá mọ́ọ̀bù kan ara wa, a ó rẹ́rìn-ín, oníkálukú á padà sẹ́yìn. Ọdún kan náà la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá kan náà ló ń jágbe mọ́ wa. Bí wọ́n ṣe ń yọ lára owó tèmi fún ìjọba ni wọ́n ń yọ lára tirẹ̀, torí a máa ń jókòó pọ̀ tí a bá gba owó, a ó sì jọ ṣépè. Ọdún kan náà la fẹ̀yìn tì. Òun di ẹrù rẹ̀, ó gba Jàmáíkà lọ, ó ń sin adìyẹ. Gbogbo ọjọ́ Sunday tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ló máa ń pè mí. "Sister," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ilé rẹ ti parí. Kí lò ń dúró dè?"

Màá ní, "Mò ń bọ̀ díẹ̀ sí i." Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ò kì í pariwo ìrìnàjò. Ẹni tó bá fẹ́ rìn jìnnà, ó yẹ kó ti dé ibi tó ń lọ kí ẹnu ayé tó gbọ́. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ló máa dè mí mọ́lẹ̀.

Ìgbàgbé Alájì kò wá lójijì. Ó kọ́kọ́ sọ ibùdókọ̀ nù, ó bọ́ sílẹ̀ ní Catford dípò Peckham, ó ní wọ́n ti gbé ilé wa lọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ wa ní "Ìyá mi", tí yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún un, ọmọ á sì bú sẹ́kún. Dókítà pe àìsàn náà lórúkọ. Èmi ò pè é lórúkọ, mi ò fẹ́ kó mọ̀ mí.

Mi ò ní í ṣe aláìmoore o. Wọ́n rán obìnrin kan sí wa tó ń wá wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Wọ́n ń fún un lóògùn láìgba kọ́bọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wa kéré, torí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo ṣe nígbà èwe mi, ọwọ́-dọ́wọ́ ni wọ́n ń san án, kò sì wọ ìwé kankan, nítorí náà wọ́n ń fi nǹkan díẹ̀ kún un. Wọ́n sì tún ń fún wa ní owó ìtọ́jú nítorí àìsàn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo dúpẹ́ lé. Ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ náà ń rí koríko jẹ.

Ìgbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í di báàgì ni ọkàn mi dìde. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọkùnrin yìí ti gbàgbé ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, ilé yẹn nìkan ló kù tí kò gbàgbé. Bí ó bá kú síbí yìí láì tún padà débẹ̀, kí ni mo wá fi gbogbo ayé mi ṣe? Mo pinnu pé màá mú un lọ pátápátá nígbà tó ṣì lè mọ̀ pé òun ti dé.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mi ò sọ fún ọmọ mi tó wà ní Catford, mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ra ìlédìí àgbà, mo tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí mo bá wà nínú kíṣíìnì, màá kàn máa rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo sanra.

Ó ku nǹkan kékeré kan. Ní mọ́ṣáláṣí wa, ọmọbìnrin kan máa ń jókòó lẹ́yìn Jímọ̀ láti ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní sùúrù ni. Mo lọ bá a kó sọ fún mi bí a ṣe máa ní kí wọ́n máa san owó ìfẹ̀yìntì wa sí bánkì ní Ìwó. Ohun tí mo bá lọ kò ju ìyẹn lọ.

Ó ní, "Mummy, ẹ máa stay fún ìgbà wo?"

Mo ní, "Títí Ọlọ́run á fi pè wá."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wo èèyàn kó tó ní kó jókòó. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ó wá ń ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì gan-an, wọ́n á máa san án, ṣùgbọ́n ojú ibi tó bá wà lọ́jọ́ tí a bá lọ ló máa dúró sí títí a ó fi kú. Bí wọ́n bá fi kún ti gbogbo àgbà lọ́dọọdún, tiwa ò ní í yẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń kún un á dúró. Owó ìtọ́jú Alájì á dúró. Obìnrin tó ń wẹ̀ ẹ́, ó parí. Fúláàtì á padà sọ́wọ́ kańsù. Ọsibítù kì í ṣe tiwa mọ́. Tí nǹkan ò bá sì rọrùn tí a bá fẹ́ padà wá, a ó tún lọ fi hàn wọ́n bí àlejò pé ibí là ń gbé.

Mo ní, "Èmi? Kí n fi hàn wọ́n pé ibí ni mò ń gbé?"

"Ẹ má bínú, Mummy."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ẹni tó bá kúrò níbí nìyẹn?"

Ó mi orí. "Rárá o. Ó depend on ìlú tí èèyàn ń lọ. Tí ẹ bá lọ sí àwọn ìlú kan, pẹ́ńṣọ̀n yín á ṣì máa lọ sókè every year, torí wọ́n ní agreement pẹ̀lú ibí. Nigeria ò sí lára wọn."

Ẹnu mi ló ṣáà ń béèrè, ọkàn mi ti mọ̀. "Jàmáíkà ńkọ́?"

"Jamaica wà lára wọn, Mummy."

Mo dìde. Mo pariwo nínú mọ́ṣáláṣí, Ọlọ́run á dárí jì mí. Mo ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà! Ṣé omi mọ́ọ̀bù tèmi ni kò mọ́ ni? Ṣé ìdọ̀tí tèmi ló ṣẹ́ kù sílẹ̀?" Kí ni ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ sọ? Òun kọ́ ló ṣe òfin. Mo jáde sí títì Rye Lane, mo dúró níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ran kan, àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé excuse me, excuse me, mi ò gbọ́, mi ò mira. Ọmọ náà ló sáré gbé báàgì mi tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ Sunday, ọ̀rẹ́ mi pè. Ohùn rẹ̀ ń dùn. "Sister, ṣé o rí i? Wọ́n tún ti fi kún un! Àbí tìẹ ò tíì wọlé?" Mo ní ó ti wọlé. Ó na fóònù síta kí n lè gbọ́ àwọn àkùkọ rẹ̀. Mo ṣe ìlara ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní í fi bò. Obìnrin tó ń pín búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì fún mi nígbà ààwẹ̀, tí á gbé e pamọ́ dìgbà tí oòrùn bá wọ̀! Mo pa fóònù, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

Àwọn tó gbọ́n jù á sọ pé, ṣebí pọ́n-ùn ni, pọ́n-ùn mélòó ni kò pọ̀ ní náírà? Ó pọ̀ lónìí, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n. Oògùn Alájì ńkọ́, ṣé náírà ni wọ́n fi ń ṣe é? Ẹni tó máa gbé e wẹ̀, tí orókún mi ò bá jẹ́ kí n lè ṣe é mọ́, ṣé yóò dúró sójú kan bíi ti owó wa? Lọ́dún àkọ́kọ́ a ó jẹun. Lọ́dún kejì a ó máa wo ara wa. Mo ti rí ọ̀kan nínú wa tó ṣe é, ọkùnrin gáréèjì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Alájì. Ìgbà tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ le, àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti dá owó jọ kí wọ́n tó rí oògùn rà, nígbà tí wọ́n sì fi rí i, ẹsẹ̀ kan ti lọ.

Mo wá sọ fún ọmọ mi. Ó wá láti Catford lọ́jọ́ náà gan-an, kò bọ́ kóòtù tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mummy, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì? Without telling me?"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

"Okay. Ẹ kàn lọ for a visit nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n rí ilé, kí ẹ padà wá."

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ronú. Bàbá rẹ tí kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ kan lọ mọ́ láyé, pé òun fẹ́ lọ sílé. Tó bá wá délé, tó bá jókòó sábẹ́ igi iwájú ilé rẹ̀, ta ló máa wọ́ ọ jáde? Ṣé ìwọ lo máa gbé e sínú ọkọ̀ tí á máa ké? Ta ló máa sọ fún un pé ìbẹ̀wò ni?" Ọmọ mi ń sunkún, èmi náà ń sunkún, Alájì jókòó láàárín wa, ó ń kí wa pé ẹ kú ìdárò.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe jóná nìyẹn. Àwọn nǹkan tí mo tò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo mú ìlédìí jáde, torí ó ti tó àkókò rẹ̀. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra fèrèsé, torí tí mo bá yọjú, gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ ló ń lọ síbì kan.

Alájì kò mọ̀ pé a ò lọ mọ́. Báàgì ò dúró. Nígbà tó yọ́ jáde lọ́jọ́ kan, tí wọ́n bá mi mú un ní ibùdókọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ sí àyà. Ìyẹn ló burú jù. Á máa gbá ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí kò gbé ohùn sókè sí mi rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, á máa pariwo pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Kí ni mo jí?" Ara àwọn aládùúgbò ò gbà á mọ́. Ní ọjọ́ kan, kò pariwo. Ó bọ́ fìlà, ó yíjú sí mi, ó tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé. Mo ti ṣe iṣẹ́ mi tán. Ẹ lọ wo gbogbo básì, mo ti fọ̀ wọ́n tán."

Èmi ni ọ̀gá. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń dá a dúró. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ, mo ṣílẹ̀kùn. Mo ní, "Ó yá, Alájì. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

A wọ básì tó ń lọ Lewisham. Ìsàlẹ̀ la jókòó sí, nítorí orókún. Báàgì wà lórí itan rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Ara rẹ̀ sì rọ̀. Ó ń wo ìta bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí a dé New Cross tí èrò pọ̀, ó fi ìgúnpá kàn mí. "Ìbàdàn nìyí. Wo bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó níbí. Mú báàgì rẹ dáadáa." Mo mú báàgì mi dáadáa. Ẹ̀rín ń pa mí, omi ń dà lójú mi. A bọ́ sílẹ̀ ní Lewisham, a mu tíì nínú ilé ìtajà ńlá yẹn, mo ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, a wọ òmíràn padà.

Nínú lífìtì ni ẹ̀rù wá bà mí. Mo mọ̀ pé tó bá rí ilẹ̀kùn kan náà, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Bí lífìtì ṣe ṣí, mo sáré ṣíwájú rẹ̀ bí orókún ṣe gbà mí láyè. Mo bọ́ kóòtù, mo ró ìró mọ́ra, mo bu omi tútù sínú abọ́, mo gbé e lé àwo, mo wá kúnlẹ̀ síbi àbáwọlé gan-an. Orókún yìí o! Mo sì gbé ohùn sókè bí ìyá mi ṣe máa ń gbé e tí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé: "Ẹ kú àbọ̀ o, Alájì! Ẹ kú ewu ọ̀nà o! Omi rèé."

Ó dúró. Ó wò mí, ó wo omi. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú rẹ̀ tú ká, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Ó gba omi, ó mu ún tán, ó ní, "Alhamdulillahi." Ó wọlé, ó gbé báàgì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ lórí àga, ó ní atẹ́gùn ilé yàtọ̀. Fèrèsé kankan ò ṣí. Ó sùn bí ọmọ ọwọ́. Èmi lọ sí kíṣíìnì, mo fi ìró di ẹnu, mo ké.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di òní. Ọmọ mi kọ́kọ́ bínú. Ó ní, "Mummy, ẹ ń deceive wọn." Mo ní, "Lọ bá ìjọba tìẹ sọ̀rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n má ṣe irọ́ mọ́." Ó yan lọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan tí orókún mi wú tí mi ò lè sáré, òun ló bá wa jáde. Bí a ṣe dé, ó ti ṣíwájú wa wọlé. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ máa fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti kúnlẹ̀ ní ilẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn, omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ ò gún, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Daddy." Alájì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó wúre fún un gígùn, láìmọ ẹni tí í ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń pè lọ́jọ́ Sunday. Mo ti sọ òtítọ́ fún un níkẹyìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ó ní, "Sister, kí ló dé tí o kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀?" Mo ní àṣà wa ni. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ̀rọ̀ àfikún mọ́, kò sì na fóònù sí àwọn àkùkọ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà ń dùn mí, torí mo ti ń fẹ́ràn ohùn wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò rọ̀ sí wa lára láti ibùdókọ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo fi omi lélẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kí i kú àbọ̀. Ó mu omi. Ó jókòó. Ṣùgbọ́n kò sùn. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi aṣọ nu omi ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wò mí bí èèyàn ṣe máa ń wo ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó pe orúkọ mi gan-an, orúkọ tí kò tíì pè láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn ìgbà fóònù yẹn, ó sọ̀rọ̀, ó sì dúró díẹ̀ kí n lè gbọ́.

"Ilé ti parí o. Gbogbo nǹkan wà níbí. Ìwọ nìkan ló kù. Ìgbà wo lò ń bọ̀ nílé?"

Aṣọ ìnulẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́ o, ó sì sùn lọ.